Àrò Òjé Agboolé Rájí

Bí iná bá kú, a feérú bojú. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, a fọmọ rẹ̀ rọ́pò. Nígbà tí Mọ̀núrù ayọ́jé kú ní agboolé Rájí, ní Olówógbowó, kò fi ọmọkùnrin kankan sílẹ̀ tí yóò rọ́pò rẹ̀. Àlímọ̀t ìyàwó rẹ̀ ló fi sílẹ̀, àti Nusrat ọmọbìnrin wọn tó ń kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán, àti àrò kan lẹ́yìnkùlé tí èéfín ti sọ di dúdú kirikiri.

Àrò yẹn kì í ṣe ti ọbẹ̀. Òjé ni wọ́n ń yọ́ lórí rẹ̀, tí wọ́n ń dà á sí ojú ihò wẹ́wẹ́ tí Mọ̀núrù gbẹ́ sára bíríkì amọ̀. Bó bá tutù tán, ó di òjé àwọ̀n, èyí tí àwọn apẹja ń so mọ́ etí àwọ̀n kó lè rì lọ sísàlẹ̀ ọ̀sà. Láyé Mọ̀núrù, ẹni tó bá ra àwọ̀n tuntun ní Èbúté Èrò, ẹ̀yìnkùlé yìí ló ń gbé e gbà kó tó gbé e kan omi.

Ẹni tó tẹ agboolé náà dó, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sáfẹ́fẹ́ rere, ti fi òfin kan lélẹ̀. Ẹni tí iná iṣẹ́ rẹ̀ bá ń jó lẹ́yìnkùlé ló ni àrò, òun náà ló ni yàrá tó kọjú sí i. Ṣùgbọ́n bí Jímọ̀ kan bá kọjá tí òmíràn sì dé, tí wọn kò da òjé kún bíríkì kan ṣoṣo láàárín rẹ̀, àrò àti yàrá di ti ẹbí padà. Bàbá Salahudeen, olórí ẹbí, a máa gba ẹ̀yìnkùlé kọjá bó bá ti mọ́sálásí dé lẹ́yìn ìrun Mọ̀gàríbì ọjọ́ Jímọ̀. Yóò wo bíríkì, yóò ṣe àdúà sí i, yóò sì wọlé. Wíwò yẹn ni ìdájọ́.

Láti ọjọ́ tí Mọ̀núrù ti kú, Àlímọ̀t ló ń yọ́ òjé kí yàrá má baà bọ́. Jímọ̀ ti dé báyìí, àrò sì tutù bí imú ajá. Kì í ṣe ọ̀lẹ. Òjé ló wọ́n. Àwọn tó ń ra irin àlòkù ti gba gbogbo ìgboro, wọ́n ń kó òjé lọ síbi tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, Jíbrílù, àbúrò Mọ̀núrù, jókòó sórí bẹ́ńṣì, ó ń run orín.

"Ìyàwó wa," ó ní, "àrò yín ń hanrun o."

"Kò hanrun, ọkọ mi. Ó ń sinmi ni."

"Láti Jímọ̀ tó kọjá? Iṣẹ́ ìjọba ló ń ṣe nìyẹn." Ó tutọ́ sí gọ́tà. "Ẹ jẹ́ á sọ òótọ́ fúnra wa. Omi ni àdúgbò yìí ń wá, kì í ṣe iná. Bí mo bá gbẹ́ kànga ẹlẹ́rọ síbẹ̀ yẹn, gbogbo wa la jọ máa mu níbẹ̀."

"Èmi àti Nusrat ńkọ́? Ṣé inú kànga la máa sùn?"

Jíbrílù rẹ́rìn-ín. Ó dìde, ó ń fi ẹsẹ̀ wọn ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ àrò.

Àlímọ̀t mú ọ̀rá ńlá kan, ó mú òòfà tí Mọ̀núrù so okùn mọ́, ó jáde sínú òjò winniwinni. Gbogbo ìgbà ni Mọ̀núrù máa ń sọ pé òòfà kì í purọ́: irin á lẹ̀ mọ́ ọn, òjé á jókòó jẹ́ẹ́ bí ọmọ tó gbẹ̀kọ́.

Ọ̀dọ̀ àwọn fọ́gánáísà tó ń lẹ táyà ló kọ́kọ́ lọ, nítorí òjé pẹlẹbẹ wà tí wọ́n ń kàn mọ́ etí ẹsẹ̀ mọ́tò kí ọkọ̀ má baà máa gbọ̀n, àwọn àlòkù inú rẹ̀ ni Mọ̀núrù sì máa ń ṣà látijọ́. Fọ́gánáísà kìn-ín-ní da odidi agolo kan sílẹ̀ fún un. Àlímọ̀t bẹ̀rẹ̀, ó na òòfà sí i. Gbogbo rẹ̀ fò mọ́ òòfà ṣàkà, kò ku ẹyọ kan nílẹ̀.

"Irin ni gbogbo wọn, Màmá," ọmọkùnrin náà sọ. "Àwọn Ṣáínà ò fi òjé ṣe é mọ́. Wọ́n ní òjé ń pààyàn."

"Àìsí rẹ̀ náà ń pààyàn," Àlímọ̀t dáhùn, ó sì kọjá.

Bó ṣe rí lọ́dọ̀ ẹnì kejì nìyẹn, bẹ́ẹ̀ náà ni lọ́dọ̀ ẹni tó tẹ̀ lé e. Ní Èbúté Èrò, alájàpá àwọ̀n kan tó mọ ọkọ rẹ̀ ṣàánú rẹ̀, ó fún un ní àwọ̀n jíjẹrà kan pé kó tú òjé etí rẹ̀. Ó jókòó sórí àpò ẹ̀wà, ó ń fi eyín já okùn. Nígbà tó tú u tán, kò ju ẹ̀kúnwọ́ lọ. Yóò tẹ́ ìsàlẹ̀ ìkòkò, ṣùgbọ́n kò lè kún bíríkì.

Wọ́n pe ìrun Jímọ̀, ó kírun síbi tí àwọn obìnrin dúró sí, ó gbórí sílẹ̀ pẹ́. "Yá Ọlọ́run, Ìwọ tó ń bọ́ ẹyẹ tí kò lóko, má jẹ́ kí n di àlejò nínú ilé tí mo bímọ sí." Nígbà tó dìde, ibì kan ṣoṣo ló kù tí kò tíì dé, ibi tí kò fẹ́ dé náà sì ni.

Ìyẹn ni ṣọ́ọ̀bù Tawfiq oní-bátìrì, ní Adéníji Adélé. Òjé pọ̀ nínú bátìrì mọ́tò, ọmọdé mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n Mọ̀núrù kò jẹ́ kó kan àrò rẹ̀ láéláé. Èéfín rẹ̀ burú, ó ní, àti pé ara rẹ̀ kì í gbẹ bọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ omi tó bá kan òjé yíyọ́ á bú gbàmù.

"Ẹ kú òjò, Màmá. Mo rántí Bàbá Nusrat," Tawfiq ní. "Ìgbà tí mo fi bátìrì tọrẹ fún wọn, wọ́n lé mi bí ẹni lé ewúrẹ́."

"Òun ti lọ. Èmi ni mo wá."

Tawfiq wò ó. Kò ṣẹ̀fẹ̀ mọ́. Ó wọ ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù, ó gbé inú bátìrì tó ti fọ́ jáde, pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ dúdú tó dà bí àkàrà tó jóná, ó kó wọn sínú ọ̀rá. "Ẹ fọ̀ ọ́ dáadáa o. Omi bátìrì ń jẹ ọwọ́."

Kò tiẹ̀ yẹ kó sọ fún un. Ohun tí wọ́n bá ṣà láti ààtàn, ẹ̀ẹ̀mẹta ni Mọ̀núrù máa ń ṣan án pẹ̀lú Bísímíláì kó tó gbé e sórí àrò, nítorí iṣẹ́ tí a bá fi orúkọ Ọlọ́run bẹ̀rẹ̀, a kì í fi ẹ̀gbin dáná sí i. Àlímọ̀t délé, ó pọn omi, ó ṣan òjé bátìrì náà lẹ́ẹ̀mẹta, ó ń ka Bísímíláì, ó ṣan án títí omi fi mọ́ gaara. Èyí tó kù nínú àṣà Mọ̀núrù ni pé yóò tún sá a sóòrùn di ọjọ́ kejì. Ṣùgbọ́n oòrùn wo? Òjò ṣú lókè, wọ́n sì ti kírun Àsárì tipẹ́. Ó fi aṣọ gbígbẹ nù ún lọ́kọ̀ọ̀kan. Ojú rẹ̀ gbẹ. Kò rántí pé ohun tó rí bíi kànìnkànìn, inú ló ń mu omi sí.

Nusrat bá a ṣáná. Igi tutù díẹ̀, ó ṣèéfín, lẹ́yìn náà ó mú. Òjé àwọ̀n jíjẹrà náà yọ́, ó ń tàn ní ìsàlẹ̀ ìkòkò bí ojú ẹja. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti àárọ̀, èémí Àlímọ̀t balẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ki ọkọ rẹ̀, bó ṣe máa ń kì í nígbà tó wà láyé, kí ọwọ́ rẹ̀ lè yá:

"Àkànní, a-yọ́-òjé-bí-ẹni-yọ́-òrí,
Ọkọ mi tó fi iná ṣiṣẹ́ fómi,
Àwọ̀n kì í rì kó má mọ orúkọ rẹ,
Ẹja ọ̀sà ló lè ròyìn ohun tí o ṣe..."

"Mọ́mì, ilẹ̀ ń ṣú," Nusrat ní.

"Mo rí i. Sún sẹ́yìn."

Ó bu òjé bátìrì kún ọwọ́, ó jù ú sínú èyí tó ti yọ́. Ó sinmi díẹ̀. Kò sí nǹkan. Ó ju òmíràn sí i. Ìkòkò náà hó, ó dún gbàà bí ìgbà tí táyà bẹ́, òjé gbígbóná sì ta sókè bí ọ̀wààrà òjò.

Àlímọ̀t fi ọwọ́ bojú, ṣùgbọ́n ọwọ́ ò yá tó iná. Ó wà nílẹ̀. Apá ọ̀tún rẹ̀ ń jó títí dé ìgbọ̀nwọ́, ojú ọ̀tún kò ṣe é là, ti òsì sì kún fún omijé. Ó gbọ́ igbe Nusrat, ó gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń sáré lọ sí títì láti wá kẹ̀kẹ́ tí yóò gbé wọn lọ sọ́sibítù. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀yìnkùlé dákẹ́. Ìkòkò ṣì wà lórí àrò, kò dà nù. Igi ló fọ́n káàkiri.

Ìrun Mọ̀gàríbì ti parí. Ó gbọ́ bàtà àwọn tó ń jáde láti mọ́sálásí.

Ẹnì kan sáré bọ̀ láti inú ilé, ó gbé nǹkan wúwo dání, omi ń ta sílẹ̀ lára rẹ̀. Àlímọ̀t fi ojú òsì wò ó. Jíbrílù ni, ó gbé korobá omi sókè sórí àrò.

"Ìyàwó wa, kí ló dé? Ẹ sún kúrò, ẹ jẹ́ kí n pa iná yìí."

"Kí ló wà nínú ìkòkò, ọkọ mi?"

Ó yọjú wò ó. "Òjé ni. Gbogbo rẹ̀ ti yọ́. Ó pọ̀ díẹ̀." Ó tún tẹ̀ sí i. "Ó ti ń dì létí."

"Bíríkì ńkọ́?"

"Ó wà nílẹ̀ níbí. Kò fọ́."

Ọ̀pá Bàbá Salahudeen ti ń kan sìmẹ́ńtì ọ̀nà àbáwọlé, kó, kó, kó. Jíbrílù gbọ́ ọ. Àlímọ̀t mọ̀ pé ó gbọ́ ọ, nítorí korobá náà kò lọ síwájú, kò sì padà sẹ́yìn. Ó na ọwọ́ òsì, èyí tó ṣì gbọ́ tirẹ̀, ó di etí ṣòkòtò Jíbrílù mú.

"Ẹ jọ̀ọ́, ọkọ mi," ó ní, "ẹ gbé omi yẹn sílẹ̀, kí ẹ bá mi da òjé náà sí bíríkì kó tó dì."