Ọmọ Méjì Tó Fàúsát

Ọmọ méjì ni Fàúsát bí fún Suara, ó sì ti pinnu lọ́kàn ara rẹ̀ pé wọ́n tó. Láti ọdún tí SAP, ètò ọrọ̀ ajé ìjọba, ti lé Suara kúrò lẹ́nu iṣẹ́, iṣẹ́ Fàúsát níléeṣẹ́ aṣọ kan n'Ìkẹjà ni ilé wọn l'Ágége gbójú lé. Gbogbo obìnrin tó wà nídìí ẹ̀rọ níbẹ̀ ló sì mọ̀ pé ẹni tó bá lóyún, ilé ló ń lọ.

Ó gba ọsibítù lọ. Nọ́ọ̀sì ní òun á fi lúùpù tí kì í jẹ́ kí oyún dúró sí i, àmọ́ ọkọ rẹ̀ gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí káàdì. Fàúsát mọ̀ pé Suara ò ní gbà. Ìyá Suara ti ń kùn láti Ògbómọ̀ṣọ́ pé àwọn obìnrin Èkó ti fi àgádágodo ti ilé ọmọ pa, pé agbo ilé Làsísì tí wọ́n ti bí Suara, tó máa ń kún fọ́fọ́, ti ń dá páropáro. Ni Fàúsát bá bẹ Job, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, kó wá dúró bí ọkọ. Job fọwọ́ sí i, ó sì kọ orúkọ ara rẹ̀.

Ọdún méjì kọjá. Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan, ìyá Suara tó wá kí wọn ń wá abẹ́rẹ́ nínú àpótí Fàúsát, ó sì bá káàdì náà pàdé. Kò mọ̀wé, ó gbé e fún ọmọ rẹ̀.

"Ta ni Job?" Suara béèrè. Kò pariwo.

Fàúsát kúnlẹ̀, ó ṣàlàyé gbogbo rẹ̀. "Bàbá Uswat, kò sí nǹkan kan láàárín wa. Tí mo bá lóyún, kí la máa jẹ?"

Ìyá ọkọ rẹ̀ ló dáhùn. "Ọlọ́run tó la ẹnu ló ń fi oúnjẹ sí i. Mẹ́sàn-án lèmi bí."

Mẹ́rin péré ló kù láyé nínú mẹ́sàn-án ọ̀hún. Fàúsát mọ̀, ṣùgbọ́n irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í jáde lẹ́nu ìyàwó ilé.

Suara ní kó lọ yọ lúùpù náà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, kó fi àwọn ọmọ sílẹ̀ kó máa lọ bá Job. Lọ́jọ́ Ajé, òun fúnra rẹ̀ tẹ̀lé e dé ọsibítù. Nọ́ọ̀sì bi Fàúsát bóyá ó dá a lójú.

"Ó dá a lójú," ni Suara wí.

Oyún dé kí oṣù mẹ́rin tó pé. Fàúsát ń fi ọ̀já di ikùn lábẹ́ aṣọ iṣẹ́ títí ó fi pé oṣù márùn-ún, tí ọ̀gá wọn wá fura. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n fún un ní lẹ́tà. Àwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ ò gbójú sókè, ẹ̀rọ ò sì dúró. Job pàápàá ò lè sìn ín dé géètì, nítorí ẹnu ayé.

Nígbà tó délé, ìyá ọkọ rẹ̀, tó tún ti wá kí wọn, gbọ́wọ́ lé e níkùn. "Alihamudu lilai. Èyí á fa àbúrò lọ́wọ́ wá."

Suara jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wolẹ̀. Ó ti jáde wáṣẹ́ láàárọ̀, kò rí. Uswat bi ìyá rẹ̀ pé kí ló dé tó fi tètè dé lónìí.

"Iṣẹ́ ti tán," ni Fàúsát wí, ó sì wọlé lọ dáná.