Abọ́ Tíì Kunimoto

Kí ni màá sọ fún un? Ẹ ṣé… fún kí ni? Ẹ ṣé tí ẹ bá mi rí òkú ìyàwó mi? Ta ló ń sọ irú ẹ̀ —

Òun nìyẹn. Mo ń wò ó láti ẹ̀yìn aṣọ tí wọ́n ta sí ẹnu ọ̀nà. Kunimoto. Irun rẹ̀ ti funfun. Nígbà tí òkun ya wọ ìlú wa, aṣọ panápaná ló wà lọ́rùn rẹ̀, ẹrẹ̀ mù ún dé itan. Lónìí ó wọ kóòtù dúdú, ó kúnlẹ̀ sórí ẹní láàrin àwọn panápaná yòókù tó wá ràn wá lọ́wọ́ láti ìlú Kobe, ó ń retí tíì. Tíì tí èmi máa gbé fún un.

Èmi ni wọ́n yàn. Onodera, alága àdúgbò wa, ló wá bá mi nílé. "Bàbá Orikasa, ẹ̀yin ló yẹ. Ṣebí ọkùnrin yẹn ló rí ìyàwó yín? Ẹ gbé tíì fún un, ẹ ní ẹ ṣé, ó parí." Ó parí. Lẹ́nu Onodera, kò sí nǹkan tí kì í parí.

A ti dákẹ́ fún àwọn tí ilẹ̀ mímì pa àti àwọn tí òkun gbé lọ. A ti to òdòdó. Àwọn ọmọ ilé ìwé ti kọrin. Ó wá kan ọpẹ́. Ẹkún tán, ó kan ọpẹ́, bí ìgbà tí èèyàn ń pààrọ̀ bàtà… Ọkàn mi kò tíì dé ibẹ̀. Ó dà bíi pé mo ń bínú. Sí ta? Kunimoto kò ṣẹ̀ mí. Àmọ́ kó tó rí i, Fusae ìyàwó mi ṣì lè wà níbì kan. Ní ilé ìwòsàn kan lórí òkè. Lẹ́yìn tó rí i —

Rárá. Omi ló pa á. Mo mọ̀.

Kimono ni mo wọ̀, aṣọ ìbílẹ̀ wa tí a máa ń fi apá kan bo èkejì níwájú. Wọ́n ní kí gbogbo wa wọ̀ ọ́ nítorí àlejò. Mo dá tèmi wọ̀ nílé, mo rò pé ó dáa. Bí mo ṣe wọlé ni Ìyá Chiba tó ń po tíì bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ gbà mí o! Bàbá Orikasa, apá ọ̀tún lókè? Ṣé ẹ ti kú ni, àbí ẹ fẹ́ ṣáájú wa lọ gba àyè sílẹ̀?" Àwọn obìnrin yòókù ń di ikùn mú. Lẹ́yìn náà ni wọ́n rántí irú ọjọ́ tí òní jẹ́. Ẹ̀rín gé. "Ẹ má bínú, bàbá. Ẹnu mi burú."

Ọmọdé gan-an mọ̀ ọ́n. Alààyè, apá òsì lókè. Òkú, apá ọ̀tún lókè. Ìyá Chiba tú u, ó tún un dì fún mi, bí ẹni ń wọṣọ fún ọmọ ọwọ́.

Báwo ni mo ṣe ṣì í? Fusae ló máa ń dì í fún mi, nígbà ọdún ojúbọ. "Ẹ dúró jẹ́ẹ́ jàre, ẹ ń ta bí ẹja inú àwọ̀n." Èmi fúnra mi kò dì í rí. N kò —

Mo dì í rí. Ẹ̀ẹ̀kan. Kì í ṣe ara mi ni mo dì í mọ́.

Gbọ̀ngàn eré ìdárayá ilé ìwé, níbi tí wọ́n tẹ́ àwọn òkú sí. Òtútù ń mú. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin gbé kimono tirẹ̀ wá, nítorí omi ti kó gbogbo tiwa lọ. Èmi ni mo wọ̀ ọ́ fún Fusae. Apá òsì kọ́kọ́, mo fi ọ̀tún bò ó. Gbogbo ohun tí ọwọ́ mi mọ̀ nípa kimono nìyẹn… Ọwọ́ mi kò ṣì í.

Wọ́n ti gbé abọ́ lé mi lọ́wọ́. Ó gbóná. Ó yẹ kí n máa lọ.

Lójú ọkàn mi, Fusae ni mò ń wò, ní gbọ̀ngàn yẹn. N kì í fẹ́ wò ó níbẹ̀ yẹn, mo máa ń sá fún un. Ẹrẹ̀ wà nínú irun rẹ̀. Nínú etí. Lábẹ́ èékánná. Àwọn tí wọ́n tẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ náà, èèyàn kò dá ojú wọn mọ̀ fún ẹrẹ̀. Ojú Fusae…

Ojú rẹ̀ mọ́.

Ó mọ́ bíi pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí, ó bọ́jú. Mo dá a mọ̀ lójú ẹsẹ̀. N kò béèrè rí pé — kò sí omi nílùú nígbà náà. À ń wá omi mu, a kò rí. Ta ló…? Èmi kọ́. Bó ṣe wà nìyẹn nígbà tí wọ́n pè mí.

Kunimoto dúró ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó ń fi aṣọ ìnura kan pamọ́ sẹ́yìn, aṣọ náà ti di ẹrẹ̀. "Ẹ má bínú pé a pẹ́." Ètè rẹ̀ là, ó gbẹ. Ìgò omi ìbàdí rẹ̀ ṣí sílẹ̀, kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀.

Mo ti kọjá aṣọ ẹnu ọ̀nà. Ó ti rí mi. Ó ń tẹrí ba.

Omi mímu rẹ̀ ló fi bọ́jú fún Fusae.