Aago Tó Ń Ṣiṣẹ́

Iṣẹ́ aago títúnṣe ti wọ Bàbá Aago lẹ́jẹ̀ débi pé aago ló fi ń wọn gbogbo nǹkan ayé, títí kan ara rẹ̀. Jẹjẹrẹ tó bẹ̀rẹ̀ nínú kíndìnrín rẹ̀ ti gba inú iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá gòkè, ó ti wọnú ọkàn. Àwọn oníṣẹ́ abẹ ní àwọn ò lè fọwọ́ kàn án. Oògùn kan ló kù, èyí tí wọ́n ń fà sí i lára láti jí àwọn ọmọ ogun inú ara rẹ̀ dìde, kí wọ́n lè bá àrùn náà jà. Àìsàn là á wò, a kì í wo ikú; tọkọtaya gbà á.

Lẹ́yìn ìgbà kẹta tí wọ́n fà á sí i lára, mímí rẹ̀ já geere, ó padà sídìí iṣẹ́. Ìgbà yẹn gan-an ni ìgbẹ́ gbuuru dé. Nọ́ọ̀sì ti kìlọ̀ pé kí wọ́n tètè sọ irú rẹ̀, ṣùgbọ́n Bàbá Aago ní aago tó bá ń ṣiṣẹ́, a kì í tú u. Tí wọ́n bá gbọ́ nílé ìwòsàn, wọn á dá oògùn dúró. Ẹ gbọ́ ná, ta ló sọ fún un pé aago lèèyàn? Ó ní kí ìyàwó òun ṣèlérí pé kò ní sọ, ìyẹn sì ṣèlérí. Obìnrin wo ló ń tú àṣírí ọkọ níta?

Nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ dókítà, ó ní ara òun le koko bí ọta. Ìyàwó wo ṣòkòtò tó ti fẹ̀ jù ú lọ, tó fi bẹ́líìtì fún mọ́dìí bí ẹni di ẹrù. Àánú ṣe é, ẹ̀rù sì bà á.

“Dókítà, ọkọ mi ò sọ òótọ́ fún yín. Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni ìgbẹ́ gbuuru ò ti jẹ́ kí wọ́n sùn.”

Ojú Bàbá Aago korò bí ewúro. Dókítà ṣàlàyé pé àwọn ọmọ ogun náà ti ṣìnà, wọ́n ti kọ lu ìfun rẹ̀, pé bó bá pẹ́ díẹ̀ sí i, ìfun lè lu. Wọ́n dá oògùn náà dúró, wọ́n fún un ní èyí tí yóò pẹ̀tù sí àwọn ọmọ ogun náà nínú, wọ́n sì dá a sí wọ́ọ̀dù. Bóyá àwọn á tún bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, dókítà ní òun ò tíì lè sọ.

Títí ọjọ́ fi rọ̀, Bàbá Aago kọ ẹ̀yìn sí ìyàwó rẹ̀. Ìyẹn jókòó lórí àga, ó ń bó ọsàn tí ẹnì kankan ò ní jẹ.

“O ti gba ohun kan ṣoṣo tí mo ní lọ́wọ́ mi,” ọkọ sọ níkẹyìn.

“Ohun kan ṣoṣo tí èmi ní ló dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì yìí,” ìyàwó dá a lóhùn, omi ti lé ròrò sójú rẹ̀. “Ẹ bínú títí tó bá wù yín. Ẹ ṣáà má kú.”

Bàbá Aago rọra sún mọ́ ògiri, kí ìyàwó rẹ̀ lè ráyè jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.