Ẹni Tó Ń Ṣí Ìkòkò

Ní Bódìjà ni mo ti ra ìwé náà. Ẹni tó ń tà á ní àwọn obìnrin Ìbàdàn ló kọ gbogbo ìtàn inú rẹ̀, àti pé kò sí ọ̀kankan nínú wọn tó tíì tẹ ìwé rí. Mo yínmú. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ka ìtàn ìyàwó jórinjórin kan ní Ṣàngó, mo rẹ́rìn-ín títí tíì mi fi tutù. Èyí tó tẹ̀ lé e, ti akẹ́kọ̀ọ́ Agbowó kan àti lańlọ́ọ̀dù rẹ̀, tún dùn jù ú lọ. Àṣé irú àwọn ọmọ báyìí wà nílùú yìí, tí mo ń wá ìwé òkè òkun kiri!

Ìtàn kẹta ló bí mi nínú. Ẹnì kan tó pe ara rẹ̀ ní Ọmọ́fẹ́ ló kọ ọ́. Àbúrò ọkọ kan wà níbẹ̀ tí kì í wọlé ìyàwó kó má ṣí ìkòkò wò. Orúkọ tí ìyàwó náà ń pè é ni Eyínfúnjẹ̀kọ.

Ẹ gbà mí! Ìyàwó ilé kì í pe ọmọ ilé ọkọ lórúkọ. Orúkọ tó bá wù ú ni yóò fún un. Eyínfúnjowó kún ìgboro. Ṣùgbọ́n Eyínfúnjẹ̀kọ, èmi Adébísí nìkan ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ láyé, Moróunkẹ́, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ní Challenge, ló sì ń pè mí. Lóòótọ́ ni mo ń ṣí ìkòkò rẹ̀. Ìdí tí mo fi ń ṣí i, mo rò pé èmi nìkan ni mo mọ̀ ọ́n. Kó wá sọ mí di alátojúbọ̀ lójú gbogbo Ìbàdàn? N kò kà á tán tí mo fi wọ takisí, ó di Challenge.

Mo ju ìwé sórí tábìlì. "Ìyàwó mi, ta ni ń ṣí ìkòkò?"

Moróunkẹ́ sáré kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú, Eyínfúnjẹ̀kọ mi. Ojú ló ń tì mí tí n kò fi sọ fún yín pé mo ń kọ̀wé. Ṣé ẹ kà á dé òpin?"

"Kí ni mo tún fẹ́ kà, nígbà tí o ti bà mí jẹ́ tán?"

Ó ṣí ìwé, ó kà á sókè. Lọ́dún tí wọn kò sanwó oṣù fún ọkọ, àbúrò ọkọ dé, ó ṣí ìkòkò tó ń hó lórí iná. Omi lásán ni. Ìyàwó ń se omi kí àwọn ayálégbé yòókù má baà mọ̀ pé ebi ń pa wọ́n. Àbúrò ọkọ dé ìkòkò padà, ó jáde. Ó padà wá pẹ̀lú iṣu, ìrẹsì àti epo, ó ní ẹnì kan ló kó o fún òun, kò sì sáyè mọ́ nílé òun. Láti ọjọ́ náà, kò wọlé kó má ṣí ìkòkò.

"'Ó rò pé ìyàwó kò mọ̀,'" Moróunkẹ́ kà á parí. "'Ìyàwó mọ̀.'"

Omijé bọ́ lójú mi. Gbogbo ọdún wọ̀nyí, mo ti fọkàn sí i pé ó gba irọ́ mi gbọ́. Mo fà á dìde, mo dì mọ́ ọn.

"O ò tiẹ̀ sọ pé mo lẹ́wà nínú ìwé yẹn," mo ní.

"Mo ṣáà sọ pé eyín yín funfun."

Ẹ̀rín pa wá. Ni mo bá gba kíṣìnì lọ, mo ṣí ìkòkò. Ẹ̀gúsí ni, ẹran sì kún inú rẹ̀. Mo mú ọ̀kan.