Hezekiah Yà-Sẹ́gbẹ̀ẹ́

Ẹ wò ó, bí ẹnikẹ́ni bá tún pe àbúrò mi ní Yà-Sẹ́gbẹ̀ẹ́ létí mi, èmi àti onítọ̀hún la jọ máa wọ ṣòkòtò kan náà. Èmi Tabitha, ọmọ Ọlábímtán ní Kabba níbí, ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Tíṣà ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì. Ẹni tí mo bá kọ́ rí mọ̀ pé mi ò kì í bá èèyàn ṣàwàdà lásán.

Hezekiah àbúrò mi fi ọ̀pọ̀ ọdún sá eré márátọ́ọ̀nù káàkiri ayé. Ó sá a ní Jámánì, ó sá a ní ilẹ̀ Lárúbáwá, ó dé Japan. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń ṣètò eré ò gbà á síṣẹ́ pé kó wá gba ipò kìíní. Asáréṣáájú ni. Òun ló máa wà níwájú, táá máa gba afẹ́fẹ́ sáyà fún àwọn gbajúmọ̀ tó wà lẹ́yìn rẹ̀, kí eré náà lè yá. Bí wọ́n bá ti kọjá ìdajì ọ̀nà dáadáa, á yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, iṣẹ́ tirẹ̀ parí nìyẹn. Àwọn yòókù á lọ gba àmì-ẹ̀yẹ.

Ta ló fẹ́ ṣàlàyé ìyẹn fún Bàbá wa? Ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé e sí tẹlifíṣọ̀n, gbogbo àdúgbò kún pálọ̀ wa, jẹnẹrétọ̀ ń pariwo lẹ́yìnkùlé. Àbúrò mi ló ṣáájú, òyìnbó àti àwọn ará Kẹ́ńyà ń tẹ̀lé e! Bàbá dìde, wọ́n ń jó, wọ́n ń pariwo, "Ọmọ mi rèé! Ọmọ mi rèé!" Àfi bí Hezekiah ṣe yà kúrò lójú ọ̀nà, ó fọwọ́ lé ìbàdí, ó ń wo àwọn ẹlòmíràn bí wọ́n ṣe ń kọjá. Bàbá rọra jókòó. Ọjọ́ yẹn ni àwọn aláìníṣẹ́ àdúgbò sọ ọ́ lórúkọ burúkú yẹn.

Nígbà tó wálé, ó ṣàlàyé títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Bàbá ní, "Bí mo bá gba iṣẹ́ ebè, tí mo kọ ọ́ dé àárín oko, tí mo gbé ọkọ́ kọ́ èjìká, ta ni yóò sanwó fún mi?"

"Bàbá, àwọn òyìnbó á san án," Hezekiah dáhùn, ó sì rẹ́rìn-ín. Bàbá ò rẹ́rìn-ín. Páànù tó wà lórí ilé wa yìí, Hezekiah ló rà á. Síbẹ̀, bí wọ́n bá ti fi eré ìje hàn báyìí, ẹ̀yìnkùlé ni Bàbá máa ń gbà lọ.

Ìgbà tí orúnkún lé e wálé pátápátá ló tó sọ ọ̀rọ̀ kan fún mi. Ó ní, "Sister, lọ́dún kan, ní Jámánì, ara mi yá gágá. Mo bojú wẹ̀yìn, mi ò rí ẹnì kankan nítòsí. Ọ̀gá tó ń tẹ̀lé wa lórí alùpùpù juwọ́ sí mi pé kí n yà. Kò sí òfin tó ní kí n yà o. Mo kàn rò pé wọn ò ní gbà mí síṣẹ́ mọ́ ni. Mo sì yà." Ó sunkún bí ọmọdé. Èmi náà sunkún.

Lọ́dún tó kọjá, Bàbá dùbúlẹ̀ àìsàn. Hezekiah gbé oúnjẹ lọ sílé ìwòsàn, ó sì gbọ́ ohun tí Bàbá ń sọ fún pásítọ̀ nínú yàrá: "Ọmọ dáadáa ni Hezekiah, ṣùgbọ́n kò parí nǹkan kan rí láyé rẹ̀." Ó gbé oúnjẹ náà padà wálé. Ọ̀rọ̀ yẹn ò jẹ́ kó sùn mọ́.

Ara Bàbá yá. Nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ wá kéde eré ìje Mọ́ńdè ọdún Àjíǹde, láti ìlú Ìyàrà dé pápá ṣọ́ọ̀ṣì wa, Hezekiah forúkọ sílẹ̀.

"Ṣé orí ẹ pé? Pẹ̀lú orúnkún yẹn?"

"Sister, ẹ ṣáà bá mi mú Bàbá wá. Kí wọ́n rí mi lẹ́ẹ̀kan péré kí n dé òpin."

Mo gbé àga Bàbá sẹ́bàá okùn òpin gan-an. Àwọn èèyàn ń fi ìkíni ilẹ̀ wa kí wọn, "Okun o, Bàbá," inú Bàbá ń dùn. Àwọn ọ̀dọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dé, wọ́n ń ṣubú sórí koríko. Bàbá na ọrùn.

"Tabitha, ṣé òun kọ́ nìyẹn?"

"Rárá, Bàbá. Ó ń bọ̀."

Oòrùn mú. Wọ́n dé tán, kò sí Hezekiah. Ni Babátọ́pẹ́ ọlọ́kadà bá já wọlé, ẹnu ń yún un: "Mo rí Hezekiah lọ́nà o. Ó ti yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó di orúnkún mú."

Mi ò mọ ẹni tó bi í léèrè! Bàbá dìde, wọ́n mú ọ̀pá wọn.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe sùúrù díẹ̀!"

"Mo ti rí èyí rí, Tabitha. Ojú mi ò lè gbà á mọ́." Mo dúró síwájú ọ̀kadà, wọ́n ní kí n kúrò lọ́nà. Babátọ́pẹ́ gbé wọn lọ.

Wọ́n ti ká okùn, wọ́n ti ń to àga jọ, kí n tó rí Hezekiah. Ó ń fa ẹsẹ̀ kan bọ̀, eruku bo ojú rẹ̀. Ó la àárín òpó méjèèjì tí wọ́n so okùn òpin mọ́ kọjá. Èmi nìkan ni mo pariwo, "O dé o! Hezekiah, o dé o!" Àga Bàbá ló ń wò.

"Bàbá ńkọ́?"

Mo nawọ́ sọ́nà ilé. Ó rọra jókòó sórí àga náà.

Nígbà tá a délé, Bàbá ti gbé omi kaná. Wọ́n fa àpótí mọ́ra, wọ́n rẹ aṣọ sínú omi gbígbóná, wọ́n gbé e lé orúnkún ọmọ wọn.

"Ó dùn ọ́ gan-an, àbí? O ṣeun tó o yà. Mo ti fi ọ̀rọ̀ yìí bínú sí ọ jù. Mo ti gbà bí Ọlọ́run ṣe dá ọ. Inú mi ti rọ̀."

Orí mi gbóná. "Bàbá! Ó parí ẹ̀! Ojú mi báyìí ló ṣe!"

"O tún ti bẹ̀rẹ̀. Láti kékeré lo ti ń gbèjà rẹ̀."

Mo kọjú sí Hezekiah. "Ẹnu ẹ dà? Sọ fún wọn!"

Ọwọ́ Bàbá ń tẹ aṣọ gbígbóná náà mọ́ orúnkún rẹ̀. Ó wo ọwọ́ yẹn títí.

"Ẹ ṣé, Bàbá," ló sọ.