Ẹ̀gà Kò Sọ Orúkọ Bàbá Rẹ̀

Ẹ sún mọ́ ibí kí n rò fún yín, àlá tí Jádesọ́lá ọmọ Adéyanjú lá ní ọjọ́ Sátidé kan ní Bódìjà. Kì í ṣe òru ló lá a o. Ọ̀sán gangan ni, oòrùn ń ràn lójú fèrèsé, ìyá rẹ̀ wà nílé ìdáná, ọmọ náà sì ti gbé orí lé tábìlì níwájú kọ̀ǹpútà rẹ̀. Bó ṣe rò ó fún wa ni mo ṣe ń rò ó yìí, n kò fi ẹyọ kan kún un.

Kẹ́ ẹ lè mọ ohun tó fa àlá náà, ẹ kọ́kọ́ gbọ́ èyí. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni Jádesọ́lá. Ilé-ẹ̀kọ́ àgbáyé kan tó wà lórí òkè lẹ́yìn ìlú ló ń lọ, níbi tí wọ́n ti ń ṣe irú dípúlómà tó jẹ́ pé òkè òkun ni wọ́n ti ń gbé èsì rẹ̀ jáde. Kọ́ọ̀sì mẹ́fà ni akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan ń ṣe. Máàkì tó ga jù lọ nínú kọ́ọ̀sì kan ni méje. Àròkọ gígùn kan tún wà tí ọmọ máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ìwádìí rẹ̀, òun àti ẹ̀kọ́ kan tó ń bi èèyàn pé, "Báwo lo ṣe mọ ohun tó o ní o mọ̀?" ló lè fi máàkì mẹ́ta kún un. Àpapọ̀ gbogbo rẹ̀ jẹ́ márùndínláàádọ́ta. Yunifásítì kan ní Kánádà ti ní àwọn máa gba Jádesọ́lá tó bá ní mẹ́rìndínlógójì. Àwọn olùkọ́ rẹ̀ fojú díwọ̀n ohun tó máa gbà, wọ́n ní mẹ́rìndínlógójì náà ni, kò lé, kò dín. Ẹyọ kan ṣoṣo tó bá jábọ́, Kánádà ti lọ nìyẹn. Bàbá rẹ̀ sì ti ń sọ ọ́ kiri ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Ẹyẹ ẹ̀gà ni Jádesọ́lá kọ àròkọ tirẹ̀ lé lórí. Ọ̀pẹ méjì wà nílé-ẹ̀kọ́ wọn, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹnẹrétọ̀ ńlá, èkejì lẹ́yìn láíbìrì. Ó kọ ọ́ síbẹ̀rẹ̀ àròkọ pé ariwo jẹnẹrétọ̀ kò ní jẹ́ kí ẹ̀gà kọ́ ìtẹ́ púpọ̀. Nígbà tó kà wọ́n, ìtẹ́ mọ́kàndínlógún ló bá níbi jẹnẹrétọ̀, mẹ́jọ péré ló wà níbi láíbìrì tó pa rọ́rọ́. Ó tún wọn kà. Bákan náà ni. Ó lọ bá olùkọ́ tó ń bójú tó iṣẹ́ náà, Ọ̀gbẹ́ni Ṣówándé, onítọ̀hún ní, "Mo ti kà á lẹ́ẹ̀kan, mo sì ti sọ tèmi. Òfin wọn kò gbà kí n tún fọwọ́ kàn án mọ́." Tiwalọ́lá ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló wá gbà á nímọ̀ràn: "Ìwọ náà, ṣáà pààrọ̀ wọn! Gbé mẹ́jọ síbí, gbé mọ́kàndínlógún sọ́hùn-ún. Ta ló máa wọ bàálù wá ka ìtẹ́ ẹyẹ n'Ìbàdàn?"

Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé náà ni àròkọ gbọ́dọ̀ ti wọlé. Jádesọ́lá ti pààrọ̀ nọ́ńbà méjèèjì. Kò tíì fi ránṣẹ́. Ó ní kí òun gbé orí lé tábìlì díẹ̀ kí ojú òun lè sinmi.

Ohun tó kọ́kọ́ rí ni pé gbọ̀ngàn ìdánwò wọn ti kúrò nílẹ̀. Ó ń léfòó lókè àwọn òrùlé páànù tó ti dípẹtà, wọ́n fi okùn so ó mọ́ igi máńgòrò kí atẹ́gùn má baà gbé e dé Ògbómọ̀ṣọ́. Bàbá Músílíù tó ń ṣọ́ géètì di okùn náà mú.

"Ẹ káàsán, Bàbá."

"Káàsán, ọmọ mi. Wọ́n ti gbéra láìpẹ́ yìí. Tètè máa gùn ún, ọwọ́ ti ń ro mí."

Jádesọ́lá gun okùn. Kò yà á lẹ́nu rárá pé gbọ̀ngàn ń fò. Ohun tó ń dà á láàmú ni pé kò wọ ìbọ̀sẹ̀, wọ́n sì máa ń gba máàkì lọ́wọ́ ẹni tí kò bá wọ̀ ọ́.

Lẹ́nu ọ̀nà, ó bá àwọn máàkì fúnra wọn tí wọ́n jókòó lórí bẹ́ǹṣì bí àwọn tó ń dúró de dókítà. Méje jẹ́ bàbá arúgbó kan tó tẹ́ẹ́rẹ́, ara rẹ̀ dagun, fìlà pẹlẹbẹ rẹ̀ yọ síwájú. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, Mẹ́rin jẹ́ ìyá kan tó sanra, tó ká ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀, tó ń jẹ ẹ̀pà.

"Ìwọ náà, èmi lo wá bá," ni Méje wí. Ohùn rẹ̀ ti há. "Gbogbo ayé ló ń wá mi. Láti Ṣáínà dé Abẹ́òkúta, wọn ò jẹ́ kí n sinmi. Kí lo fẹ́ fi mí ṣe?"

"Bàbá mi fẹ́ fi yín sọ̀rọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, sà."

Méje mí kanlẹ̀. Mẹ́rin na ẹ̀pà sí Jádesọ́lá. "Gbà, jẹ. Kò sẹ́ni tó ń gbààwẹ̀ nítorí tèmi, ìyẹn ni mo fi ń sùn wọra."

Jádesọ́lá dúpẹ́, ó ṣí ilẹ̀kùn. Inú ilé yìnyín tí wọ́n ti ń ta ẹja ló bọ́ sí. Òtútù ń mú gan-an. Àwọn òṣìṣẹ́ mẹ́ta tó wọ kóòtù dúró ti òṣùwọ̀n ńlá kan. Ọ̀gbẹ́ni Ṣówándé ló jókòó sórí òṣùwọ̀n náà láàárín ẹja títọ́ọ̀sì méjì, ó ká ọwọ́ lé itan.

"Ẹ káàsán, sà. Ṣé kò sí nǹkan o?"

"Kò sí nǹkan kan, Jádesọ́lá. Wọ́n ń wọ̀n mí ni. Ẹ̀yin lẹ ṣe iṣẹ́, èmi ni mo fún yín ní máàkì, àwọn tó wá láti òkè òkun yìí ló wá ń wò ó bóyá ọwọ́ mi le tàbí ó rọ̀."

Ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ wo ojú òṣùwọ̀n, ó mi orí. "Àánú ọkùnrin yìí ti pọ̀ jù. Ẹ bá mi dín in kù."

Wọ́n fi sísọ́ọ̀sì gé ìdí táì Ọ̀gbẹ́ni Ṣówándé, pá! Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, gbogbo ọmọ kíláàsì wọn, níbikíbi tí wọ́n wà, kúrú ní ìwọ̀n ìka kan. Jádesọ́lá mọ̀ nítorí pé bàtà rẹ̀ tóbi jù ú lójijì.

"Ẹ má bínú o," ni olùkọ́ náà wí látorí òṣùwọ̀n. "Inú rere ni mo fi ṣe é."

"A mọ̀, sà," ni Jádesọ́lá dáhùn. Ó fẹ́ bi í nípa nọ́ńbà méjì yẹn, àmọ́ ó rántí pé òfin kò gbà á. Òṣùwọ̀n náà ti di ọkọ̀ ojú omi lọ́nà kan ṣá, ó ti ń gbé Jádesọ́lá nìkan lọ, àwọn ẹja ló sì ń wà á.

Ọ́fíìsì Ọ̀gá Àgbà Aṣàyẹ̀wò ni ọkọ̀ náà gúnlẹ̀ sí. Ọ́fíìsì náà dá léfòó tirẹ̀ lókè gbogbo nǹkan, tábìlì kan, àga méjì, kò sí ògiri. Òyìnbó ni ọ̀gá náà, àmọ́ Yorùbá rẹ̀ dán bí ẹni tó dàgbà sí Ìjẹ̀bú. Ó gba àròkọ, ó kà á ní ojú ewé kan, etí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gùn. Ó ṣí ojú ewé kejì, irùngbọ̀n yọ. Nígbà tó máa fi dé ìkẹta, ewúrẹ́ ló ti jókòó síbẹ̀, táì ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, ìgò ojú sì wà lójú. Jádesọ́lá fẹ̀yìn ti àga. Ó ti gbọ́ rí pé ó máa ń rẹ̀ wọ́n tí wọ́n bá ti ń ka nǹkan lọ́pọ̀.

"Ìtẹ́ mélòó ló wà níbi jẹnẹrétọ̀?" ni ewúrẹ́ bi í.

"Mẹ́jọ, sà."

Ọ́fíìsì náà já sísàlẹ̀, gbì! Ife tíì dànù.

"Níbi láíbìrì ńkọ́?"

"Mọ́kàndínlógún, sà."

Ó tún já, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá òrùlé ilé epo kan. Ewúrẹ́ kò tilẹ̀ gbójú sókè. "Má ṣèyọnu, bó ṣe máa ń ṣe lójoojúmọ́ nìyẹn." Ó bu ojú ewé náà jẹ, ó rún un, ó pa ojú dé. "Ó dùn. Ó jọ tàwọn ẹlòmíràn. Ẹ pe Méje fún un."

Lóòótọ́, àròkọ kì í gba méje, lẹ́tà bí A tàbí B ni wọ́n ń fún un. Àmọ́ ta ló ń bá àlá jiyàn? Méje ti dé, ó ń wọ bàtà rẹ̀ pẹ̀lú ìnira, ó ní, "Ó dáa, ká máa lọ." Ó yẹ kí inú Jádesọ́lá dùn. Kò dìde lórí àga.

Ibẹ̀ ni àwọn ẹ̀gà ti ya dé. Wọ́n pọ̀, wọ́n pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ìyeyè, wọ́n ń fa àròkọ ya ní tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n sì ń fi í hun ìtẹ́ sórí ìwo ọ̀gá náà. Ọ̀kan bà lé imú ewúrẹ́, ó kọjú sí Jádesọ́lá.

"Ìwọ lo kọ ọ́ pé àwa ò fẹ́ ariwo? Àwa! Ta ló ń pariwo tó wa?"

"Ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé tẹ́ ẹ fi kọ́lé sẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹnẹrétọ̀?"

"Àṣá kì í gbọ́ ohùn àwọn ọmọ wa níbẹ̀. Kí ló tún le níbẹ̀?"

Jádesọ́lá fò dìde. "Ẹ gbọ́ ọ, sà! Ẹ gbọ́ ìdí rẹ̀!"

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?" ni ewúrẹ́ bèèrè, ó gbé bírò.

"Ẹyẹ yìí ni, sà."

"Kọ orúkọ bàbá rẹ̀, lẹ́yìn náà orúkọ tirẹ̀, lẹ́yìn náà ọdún tó sọ ọ́."

Jádesọ́lá bẹ ẹ̀gà. Ẹ̀gà ní orúkọ bàbá òun kò kàn wọ́n, pé àwọn tó gba orúkọ bàbá òun lọ́jọ́sí kò dá a padà. Ó fò lọ.

"Kò sí orúkọ bàbá, a ò lè gbà á," ni ewúrẹ́ wí, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun.

"Sà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pọ ojú ewé yẹn."

"Mo ti gbé e mì."

"Ẹ pọ̀ ọ́, sà, irọ́ ni mo kọ síbẹ̀. Mọ́kàndínlógún ló wà níbi jẹnẹrétọ̀. Mẹ́jọ ló wà níbi láíbìrì. Èmi ni mo pààrọ̀ wọn."

Ọ́fíìsì náà dúró sójú kan. Ewúrẹ́ yọ ìgò ojú. "Kí ló wá fà á tó fi rí bẹ́ẹ̀?"

"N kò tíì mọ̀, sà."

Àwọn ẹ̀gà pàápàá dákẹ́, ìyẹn sì ni ohun kan ṣoṣo tó ya Jádesọ́lá lẹ́nu látìgbà tó ti ń sùn.

"Tún un sọ."

"N kò tíì mọ̀."

Ni ọ́fíìsì bá bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, jẹ́jẹ́, ó kọjá àwọsánmà àkọ́kọ́, ó kọjá ìkejì, atẹ́gùn tútù ń fẹ́. Ewúrẹ́ nu ojú rẹ̀ nù. "Ó ti pẹ́ tẹ́nì kan ti sọ ìyẹn fún mi," ló wí. Méje ti bọ́ bàtà ẹsẹ̀ kan. "Ṣé kí n padà ni?"

"Ẹ lọ sinmi, Bàbá. Tó bá yẹ kẹ́ ẹ wá, ẹ ó wá."

Méje gbé orí lé ẹ̀yìn ewúrẹ́, ó sùn lọ fọnfọn.

"Sà," ni Jádesọ́lá wí, "mélòó wá ni ẹ fún mi?"

Ewúrẹ́ la ẹnu, àmọ́ ohùn ìyá Jádesọ́lá ló jáde níbẹ̀: "Jáde! Jádesọ́lá! Ṣé o ò gbọ́ ni?"

Ó jí. Ọrùn rẹ̀ le, àmì bọ́tìnì kọ̀ǹpútà tó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ tẹ̀ ti hàn lójú rẹ̀. "Mò ń bọ̀, Mọ́mì!" Ó wo nọ́ńbà méjèèjì lójú ẹ̀rọ fún ìgbà díẹ̀. Ó rántí Kánádà. Ó rántí bàbá rẹ̀ tó dúró níwájú ìjọ. Ó dá wọn padà síbi tó ti gbé wọn, ó sì kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé ohun tí òun rò kọ́ lòun rí, pé ó lè jẹ́ nítorí àṣá, òun kò tíì mọ̀. Ó tẹ ibi tí wọ́n ń tẹ̀, àròkọ lọ. Ó kọ ọ́ sí Tiwalọ́lá pé, "Mi ò pààrọ̀ ẹ̀ mọ́ o." Tiwalọ́lá dáhùn pé, "Orí ẹ dàrú." Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rù sì ń bà á.

Nílé ìdáná, ìyá rẹ̀ na ṣíbí ọbẹ̀ ẹ̀gúsí sí i. "Tọ́ ọ wò fún mi. Báwo ló ṣe rí?"

Jádesọ́lá tọ́ ọ wò. Oorun ṣì wà lójú rẹ̀. "Márùn-ún, Mọ́mì."

"Márùn-ún kí ni?"

"Nínú méje."

Ìyá rẹ̀ dúró, ó fi ọwọ́ kan lé ìbàdí. "Méjì mi tó kù ńkọ́?"

"Iyọ̀ ni, Mọ́mì. Kò tó."

Obìnrin náà wò ó títí bí ẹni tó fẹ́ bínú. Ó wá ti ìka bọ ṣíbí, ó fi kan ahọ́n, ó sì nawọ́ gbé iyọ̀.