Wáyà Tí Ìbítóyè Ta Sórí Páànù

"Bàbá Níyì, ẹ sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀ yẹn o! Ṣé ẹ ò gbọ́ àrá ni?"

Folúkẹ́ dúró sí ẹsẹ̀ àkàsọ̀, ó ń fi ọwọ́ bojú nítorí omi tó ń kán láti etí páànù. Òjò ọ̀sán ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ni. Àrá ṣì ń kùn lápá Ìjàn bí àgbà tí wọn kò fún ní ẹran tó tó. Lókè, Ìbítóyè ọkọ rẹ̀ ti àwọn ìṣó bọ ẹnu, ó ń kan wáyà mọ́ igi lábẹ́ òrùlé.

"Àrá wà ní Ìjàn, èmi wà ní Adó," ni Ìbítóyè fi ìṣó lẹ́nu dáhùn. "Lọ gbé ìkòkò rẹ kaná."

"Ìkòkò mi ti wà lórí iná. Iná tèmi kì í gun òrùlé."

Àwọn ará agbo-ilé tó pé jọ bú sẹ́rìn-ín. Báwo ni wọn ò ṣe ní pé jọ? Kò sí ilé kankan ládùúgbò wọn tó ní gílóòbù, ọ̀kan sì ń tàn yòò ní pálọ̀ Ìbítóyè lójú ọ̀sán gangan. Ẹ́ńjìnnì tó ń fún un níná ń ké lẹ́yìnkùlé. Òyìnbó kan tó wá ṣe afárá ló ta ẹ́ńjìnnì náà fún un nígbà tó ń padà sílé. Ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì ku ọ̀la, Ìbítóyè sì ti fọ́nnu níwájú àwọn akọrin pé ìta ilé òun ni wọn yóò ti wá jẹun, lábẹ́ iná mànàmáná, bí ti Èkó.

Èkó náà ló gbé orúkọ rẹ̀ ga. Ó ti ṣiṣẹ́ pẹ́ níbi tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ojúurin ṣe ní Èbúté-Mẹ́tà kó tó padà wálé, gbogbo Adó sì ń pè é ní injiníà. Kò sọ pé kí wọ́n má pè é bẹ́ẹ̀.

Wáyà gidi, èyí tí wọ́n fi rọ́bà àti aṣọ wé lára, ti tán lójú fèrèsé pálọ̀. Kí ló wá ṣe? Ó lọ ra wáyà tí àwọn ọdẹ fi ń dẹ òyà. Folúkẹ́ rí i, ó ní, "Èyí kò wọ aṣọ bí ti àkọ́kọ́." Ọkọ rẹ̀ dá a lóhùn pé, "Wáyà ni wáyà ń jẹ́. Ṣé òtútù ló ń mú un?" Folúkẹ́ alára rẹ́rìn-ín ọ̀rọ̀ náà. Ẹ̀rín ọ̀hún ló dùn ún jù lẹ́yìn-ọ-rẹyìn.

Ẹni tó mọ iṣẹ́ ìbá kọ́kọ́ pa ẹ́ńjìnnì náà. Ṣùgbọ́n bí ó bá pa á, gílóòbù kò ní tàn, bí gílóòbù kò bá sì tàn, kí ni àwọn èèyàn yóò máa wò? Bẹ́ẹ̀ ni ìgbéraga ṣe ń pa ọmọ èèyàn, kì í lo ọ̀kọ̀.

Wáyà náà yọ̀ kúrò lórí ìṣó, ó ṣubú lé páànù tútù. Ìbítóyè na ọwọ́ méjèèjì láti gbá a mú. Lẹ́sẹ̀ kan náà ni àrá tún sán. Ìbítóyè kò pariwo. Ara rẹ̀ le gbagidi, ó bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n lórí àkàsọ̀, ìṣó ń dà sílẹ̀ láti ẹnu rẹ̀. Folúkẹ́ kọ́kọ́ rò pé ó ń ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Ìgbà tó gbóòórùn awọ tó ń jó ló ké, tó sì sáré láti di ẹsẹ̀ ọkọ rẹ̀ mú.

Ọwọ́ kan gbá a mú ní ìró láti ẹ̀yìn. Baálé Ògúntúndé ni.

"Má fọwọ́ kàn án! Ṣàngó ló mú un! Uná ọ̀run nìyẹn!"

"Ẹ fi mí sílẹ̀, Bàbá!"

"Ṣé o fẹ́ bá a lọ ni?"

Bàbá kò mọ̀ pé ọwọ́ tí òun fi fà á sẹ́yìn ló gbà á là. Ká ní Folúkẹ́ di ẹsẹ̀ yẹn mú ni, òkú méjì ni wọn ìbá gbé. Òótọ́ a máa gun kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ onírọ́ wọ̀lú nígbà mìíràn. Folúkẹ́ já ara rẹ̀ gbà, ó fi ìró sílẹ̀ lọ́wọ́ baálé, ó ku òun àti tòbí. Kò sá lọ bá ọkọ rẹ̀ mọ́, ẹ̀yìnkùlé ló gbà. Ó gbé ọmọ odó, ó ń lu bẹ́líìtì ẹ́ńjìnnì, ó ń lù ú, títí ó fi fò yọ. Gílóòbù kú. Wọ́n gbọ́ "gbì!" níwájú ilé.

Nígbà tó padà dé, Ìbítóyè wà nínú ẹrẹ̀, ó sùn gbalaja, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ dú bí ẹ̀yìn ìkòkò. Kò mí. Gbogbo èèyàn ti sún sẹ́yìn. Ògúntúndé na apá méjèèjì dí ọ̀nà.

"Mo ti ránṣẹ́ pe Màgbà, olórí àwọn oníṣàngó, àti àwọn èèyàn rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má sunkún. Kí ẹnikẹ́ni má pè é lórúkọ. Kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án títí wọn yóò fi dé."

"Nígbà tí iná wà lára rẹ̀, ẹ ní kí n má fọwọ́ kàn án," ni Folúkẹ́ wí. "Iná ti kú. Ẹ kúrò lọ́nà."

"Ìyàwó! Èmi lò ń bá sọ̀rọ̀ báyẹn?"

"Ẹ̀yin náà ni, Bàbá. Bí mo bá ṣẹ Ṣàngó yín, ilé mi nìyí, kó wá bá mi níbẹ̀."

Ó gba abẹ́ apá àgbàlagbà náà kọjá, ó kúnlẹ̀ ti ọkọ rẹ̀. Ṣẹ̀fíátù nìkan, obìnrin Ìlọrin tó háyà yàrá iwájú, ló gbé omi tẹ̀lé e. "Pè é lórúkọ!" ló ń sọ. "Pè é kó gbọ́!"

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé Folúkẹ́ wọ ilé yìí, kò pe orúkọ ọkọ rẹ̀ rí. Ìyàwó ilé wo ló ń dán an wò? Ó la ẹnu.

"Ìbítóyè!"

Àwọn obìnrin ilé fọwọ́ bo ẹnu.

"Ìbítóyè! Padà! Ta lo fẹ́ fi èmi àti Níyì sílẹ̀ fún?" Ó ń tẹ àyà rẹ̀, ó ń gbá a létí, ó ń da omi lé e lórí. "Alágídí! Aláṣejù! Ta ló rán ọ? Ìbítóyè, mo ní kí o padà!"

Ìbítóyè wúkọ́. Ẹrẹ̀ jáde lẹ́nu rẹ̀, ó sì fa èémí bí ẹni tó ti ìsàlẹ̀ odò bọ̀.

Nígbà tí ara rẹ̀ yá débi pé ó lè jókòó, Ògúntúndé kó àwọn àgbà méjì wá nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Wọ́n bá Ìbítóyè lórí àga, wọ́n fi aṣọ funfun di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì láti ìka dé ọrùn ọwọ́.

"Ìwọ kò ṣẹ̀," ni baálé wí. "Ṣàngó mú ọ, ó tún dá ọ padà. Iyì ni. Ṣùgbọ́n ìyàwó rẹ fọwọ́ kan ohun Ṣàngó, ó pè ọ́ lórúkọ ní gbangba, ó sì fi tòbí dá mi lóhùn. Kó padà sílé bàbá rẹ̀ ní Ìgbẹmọ títí a ó fi ṣe ètùtù. Níyì yóò dúró. Ìwọ ṣáà sọ fún wa pé Ṣàngó ni, ọ̀rọ̀ bùṣe."

Folúkẹ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá. Kò wo baálé, ọkọ rẹ̀ ló ń wò. Òun ló fa èémí ọkọ rẹ̀ padà. Ọ̀rọ̀ tó kù yìí, kò lè bá a fà á.

Ìbítóyè sọ̀ kúrò lórí àga, ó dọ̀bálẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ kò ṣe é tẹ ilẹ̀, ìgúnpá àti àyà ló fi balẹ̀.

"Ẹ dákun, Bàbá. Kì í ṣe Ṣàngó."

"Kí wá ni?"

"Èmi ni. Wáyà òyà ni mo ta sórí páànù. Mo sì jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́ kí ẹ lè máa wò mí. Mi ò kọ́ṣẹ́ iná ní Èkó. Àpótí irinṣẹ́ ni mo ń bá àwọn tó kọ́ ọ gbé."

Ọ̀kan nínú àwọn àgbà náà bú sẹ́rìn-ín. "Gbogbo injiníà, injiníà yìí, àpótí ni?"

"Àpótí ni, Bàbá."

"O mọ ohun tí wọn yóò máa pè ọ́ láti òní lọ?" ni Ògúntúndé bi í.

"Mo mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ká ní Folúkẹ́ gba tiyín ni, òkú ni ẹ̀ bá máa bá sọ̀rọ̀ báyìí. Bó bá lọ sí Ìgbẹmọ, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la jọ ń lọ."

Baálé mú ọ̀pá rẹ̀, ó jáde láìdágbére. Àwọn yòókù tẹ̀lé e.

Folúkẹ́ gbé ọkọ rẹ̀ jókòó. Ó gbé iyán kalẹ̀, ó bu òkèlè, lẹ́yìn náà ó dìde láti ti ilẹ̀kùn, gẹ́gẹ́ bí ó ti ń ṣe lójoojúmọ́ láti ìgbà tí ọwọ́ ọkọ rẹ̀ ti jó, kí ẹnikẹ́ni má bàa rí i pé obìnrin ń fi oúnjẹ sí ọkùnrin lẹ́nu. Níta, ẹ̀rín ti bẹ̀rẹ̀.

"Fi ilẹ̀kùn sílẹ̀," ni Ìbítóyè wí. Ó la ẹnu. "Jẹ́ kí wọ́n wò."